Ẹ̀rí-dà àti Mítà Ọkọ̀ Kejì

Lẹ́yìn rẹ̀ la ti ń pè é ní Ẹ̀rí-dà. Níwájú rẹ̀, Àǹtí ni, Àǹtí tí awakọ̀ tó dàgbà jù ú lọ pàápàá ń ṣí fìlà kí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí èèyàn bá ti ki ẹsẹ̀ bọ ọ́fíìsì: "Ẹ̀rí dà?" Ì báà ṣe pé táyà bẹ́, ì báà ṣe pé afárá já lójú ọ̀nà, ẹ̀rí dà? Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún un pé inú rírun ni kò jẹ́ kí n wá síṣẹ́ lánàá, ó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Mo rò pé àwàdà ni, mo bú sẹ́rìn-ín. Ó yọ owó ọjọ́ kan nínú owó oṣù mi.

Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ kìíní nínú ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta tí iléeṣẹ́ wa ní. Rédíò ni wọ́n ń pè mí, ẹ ò ní pẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Àbúrò Ẹ̀rí-dà ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá, ló fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n Ẹ̀rí-dà ló ń tọ́jú ìwé wọn, nínú iṣẹ́ tiwa yìí sì rèé, ẹni tí ìwé ọkọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ọkọ̀. Òun ló ń sọ ẹni tó máa gbé sìmẹ́ǹtì, ẹni tó máa gbé pákó, ọjọ́ tí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì, àti iye owó-orí tí a máa san fún ìjọba lórí ọ̀nà tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan rìn.

Ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ọgbà ọkọ̀. Ó gbé tábìlì rẹ̀ sí ibi tí ojú rẹ̀ ti lè tó géètì, dúrọ́ọ̀mù epo àti ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin wà lẹ́yìn rẹ̀, fáìlì mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀: pupa ni ti ọkọ̀ mi, búlúù ni ti ọkọ̀ kejì, aláwọ̀ ewé ni ti ẹ̀kẹta. Rìsíìtì epo kì í sùn mọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀ kó má ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó ní tádàwà tí àwọn ilé epo ń lò, bí oòrùn bá ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di bébà funfun nìyẹn, bébà funfun kò sì lè bá èèyàn jẹ́rìí. Ó ní ọ̀pá kan tó fi ọ̀bẹ fá àmì sí lára, tó máa ń tì bọ táńkì ọkọ̀ wa láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Táyà tuntun kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ kó má fi ọ̀dà pupa sàmì sí i nínú lọ́hùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á kó fi ògbólógbòó rọ́pò. Nírọ̀lẹ́, bí a bá ti pa ọkọ̀ tán, yóò gun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tòun ti ìró rẹ̀, yóò fi fóònù ya fọ́tò mítà inú dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn nǹkan tó ń ka ibi tí ọkọ̀ rìn dé. Ó ní ẹnu awakọ̀ lè purọ́, mítà ò lẹ́nu.

Wọn ò bí ìfura mọ́ ọn o. Láyé ọjọ́un, ọkọ rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ ń bójú tó ìwé, ọkọ ń fọkàn tán ọ̀rẹ́. Ọkọ kú, kò tó oṣù kan, ìjọba mú ìwé owó-orí ọdún mẹ́rin dé. Ọ̀rẹ́ ní òun ti san án. Ayédèrú ni gbogbo rìsíìtì tó kó sílẹ̀. Wọ́n gbé àga, wọ́n gbé fíríìjì, wọ́n tú bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn lé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi, pé nígbà tí wọ́n ń tú bẹ́ẹ̀dì náà, ọ̀rẹ́ yẹn dúró tì í, ó ń bá a sunkún. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí Ọ̀gá pè é wá síbi iṣẹ́ wa, inú páálí bískíìtì ni ìwé wa wà, ìjọba sì ti ń halẹ̀ pé àwọn máa gba ọkọ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi tún gbogbo rẹ̀ tò. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, bóyá kẹ̀kẹ́ ni èmi ì bá máa wà báyìí. Ẹni tó bá ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Rọra ló ń wa ọkọ̀ kejì. Ọdún kọkànlélógún rẹ̀ pẹ̀lú wa nìyẹn. Òun ló kọ́ Ọ̀gá ní ọkọ̀ wíwà, òun ló kọ́ èmi náà. Bí o bá fẹ́ já kọ́nà, á ní kí o rọra. Bí ọlọ́pàá bá mú inú bí ọ, á ní kí o rọra. Ọjọ́ tí mo mú ìyàwó mi wá fi hàn án, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Rọra o." Ó ga, ó gbẹ, kì í sì í jókòó sídìí sítíárì kó má fi aṣọ ìnujú funfun nù ún ná.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, mítà ọkọ̀ kejì kú. Mẹkáníìkì wa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú àlòkù ọkọ̀ òkè òkun tà, ó ra odindi dáṣíbọ́ọ̀dù bọ̀, ó dè é mọ́ ọkọ̀, iná rẹ̀ tàn rokoṣo. Gbogbo wa yìn ín. Ẹ̀rí-dà gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ó fi í sínú fáìlì búlúù.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni iléeṣẹ́ akẹ́rù gbọ́dọ̀ kọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan rìn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó-orí, kó sì fi ẹ̀dà rìsíìtì epo tì í. Bí epo bá pọ̀ ju ọ̀nà lọ, wọ́n á ní ò ń fi ọ̀nà pamọ́ kí o má baà san owó rẹ̀. Ẹ̀rí-dà fi tiwa ránṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà dé. Kò gùn. Epo ọkọ̀ kejì kò bá ọ̀nà rẹ̀ mu. Kí a ṣàlàyé láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn máa gba ìwé àṣẹ ìkẹ́rù lọ́wọ́ ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ka lẹ́tà náà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò jáde títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú. Ìgbà tó máa jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà sí Rọra.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ṣọ́ bàbá náà. Ó lọ sí ilé epo, ó bi ọmọbìnrin tó ń ta epo pé ṣé ọwọ́ rẹ̀ ló kọ rìsíìtì wọ̀nyí. Ó gbọ́ òórùn inú jálá tí Rọra fi ń gbé omi sínú ọkọ̀. Ó tilẹ̀ gba iwájú ilé bàbá kọjá lọ́jọ́ ìsinmi, ohun tó rí níbẹ̀ ló sì bà á nínú jẹ́ jù: Rọra ti kan páànù tuntun sórí ilé, ó ń dán yanran.

Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí wọlé. "Rédíò, ṣé o rí òrùlé tuntun tí Rọra kàn?"

"Mo rí i, Àǹtí. Ó rẹwà gan-an."

"Owó oṣù tí à ń san fún un nìyẹn?"

Mo ní n ò mọ̀. Ẹ gbọ́ mi o, mo mọ̀. Ọmọ Rọra obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló fi owó náà ránṣẹ́. Ọjọ́ tó dé ni bàbá fi ìdùnnú sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo tilẹ̀ bá a fi ọkọ̀ gbé páànù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wo ni mo fi gbé e? Ọkọ̀ iléeṣẹ́ ni, láìgbàṣẹ. Bí mo bá yanu pẹ́rẹ́, á bi mí bí mo ṣe mọ̀, á sì nawọ́ sí fáìlì pupa. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Rédíò láti àárọ̀ ọjọ́, ọjọ́ tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ni bátìrì rẹ̀ kú.

Wọ́n pe Rọra ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tó já ẹrù pákó tán. Ọ̀gá jókòó sórí àga kan ní kọ̀rọ̀, ó ń fa irùngbọ̀n ara rẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rí-dà to fọ́tò sórí tábìlì ní ìlà-ìlà.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Lọ́dún tó kọjá, lítà epo kan ń gbé yín rin kìlómítà mẹ́ta. Ní báyìí, kò gbé yín rin méjì. Ibo ni epo yòókù ń gbà?"

Rọra fara balẹ̀ wo fọ́tò. "Àǹtí, ọ̀nà ò kúrú, n ò sì bu epo. Mítà yẹn ni n ò lóye. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ á máa sọ fún mi pé eré ogójì ni mò ń sá, ara mi á sì máa sọ fún mi pé mo ti lé ní ọgọ́ta."

"Mítà tuntun, Bàbá?"

"Òkúta wà lẹ́bàá ọ̀nà, ìjọba ló rì í. Kìlómítà kọ̀ọ̀kan, òkúta kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kí ẹ bá mi kà á."

"Kí n wá jókòó tì yín, kí ẹ máa pìtàn fún mi títí n ó fi gbàgbé ohun tó gbé mi dé ọ̀nà? Ẹlẹ́rìí tí ẹ rí nìyẹn, òkúta?" Ó kó fọ́tò jọ. "Ó dáa. Owó òrùlé yín ńkọ́?"

Bàbá yíjú sí mi. Kò pẹ́, kò ju kí èèyàn mí kan lọ. Mo wo bàtà mi.

"Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́," ó ní.

"Ẹ̀rí dà?"

Rọra dìde. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò, ó fi aṣọ ìnujú nù ún, ó gbé e sórí tábìlì. Ọ̀gá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká…" ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tún di irùngbọ̀n rẹ̀ mú. Ó ti mọ ohun tí ìwé lè ṣe fún èèyàn, ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń bà á ju ti ìjọba lọ. "Ẹ rọra, Àǹtí," ni bàbá wí, ó sì bá ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìfara kàn mí.

Lẹ́tà méjì ni Ẹ̀rí-dà kọ lọ́jọ́ náà. Ó kọ èkíní sí ọ́fíìsì owó-orí, pé a ti mú ẹni tó ń ta epo, a ti lé e, pé iye kìlómítà tí a kọ péye, fọ́tò rèé. Ó kọ èkejì sí ẹgbẹ́ awakọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kọ Rọra sórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń gbẹ́rù. Ẹni tó bá ti wà lórí bébà yẹn, kò sí iléeṣẹ́ tó máa fún un ní kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ọdún mọ́kànlélógún parí sórí bébà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ìyàwó Rọra wá sí ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Obìnrin tí kì í pariwo ni. A rò pé ó wá jà ni, mo tilẹ̀ ti múra láti là wọ́n. Kò jà.

"Láti ìgbà wo?" ló bi Ẹ̀rí-dà.

Ẹ̀rí-dà fi fọ́tò hàn án. Obìnrin náà ní kí ó bá òun kọ àwọn ọjọ́ tí epo ti dín sílẹ̀. Ẹ̀rí-dà kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ sí i, nítorí kì í fúnni ní ìwé tí kò lóǹtẹ̀. Ìyàwó Rọra fi ìka tẹ̀ lé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. "Oṣù yìí ló sọ fún mi pé kò sówó," ó ní. "Èyí náà." Ó ká bébà, ó fi í sáyà, ó lọ. Gbogbo wa mọ ohun tó ń rò. Owó tí ọkùnrin kò bá kó wálé, ìyàwó á fẹ́ mọ obìnrin tó ń bá a ná an.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ kejì fi dúró. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tèmi dákẹ́, Ọ̀gá ní kí n bọ́ sórí rẹ̀. Inú mi dùn, ọkọ̀ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní ni mo ti rí i pé igi ẹ̀bá ọ̀nà ń yára kọjá ju bí abẹ́rẹ́ ṣe wí lọ. Mo rántí ọ̀rọ̀ Rọra, mo gbọ́n orí mi nù, mo tan orin sókè.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ẹ̀rí-dà pè mí. Fọ́tò mẹ́sàn-án ló wà lórí tábìlì. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Òwe yẹn ni mo ń gbọ́ bí mo ṣe ń wọlé.

"Rédíò, ìwọ náà?"

"Àǹtí, mo fi ọmọ mi búra…"

"Má fi ọmọ búra. Rọra ló kọ́ ọ ní ọkọ̀, àbí? Ó kọ́ ọ ní èyí náà." Kò pariwo. Ó ń wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹran tó ti ń rùn.

Bí wọ́n ṣe ń fi ojú olè woni nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo lu tábìlì rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. "Ẹ dìde! Ẹ wọ ọkọ̀! Kì í ṣe ọ̀la, ìsinsìnyí! Ẹ mú ọ̀pá yín dání, ẹ mú ìwé yín dání, ẹ jẹ́ ká lọ ka òkúta!"

Mo rò pé á lé mi. Ó mú àpò rẹ̀, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wò lẹ́ẹ̀mejì, ó gun ọkọ̀.

A bẹ̀rẹ̀ láti òkúta oríta. Ó kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀, ó gbé àpò lé ẹsẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń wo ọwọ́ mi, ó ń wo díńgí bóyá ẹnì kan ń tẹ̀ lé wa. Bí òkúta bá ti yọ, á pè é sókè: "Ọ̀kan. Èjì." Nígbà tí a dé òkúta kẹwàá, mítà ní kìlómítà mẹ́fà la rìn. Ó ní mo ti jẹ́ kí òun fo òkúta kan. Mo ń wakọ̀ lọ. Ní òkúta àádọ́ta, mítà ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Dúró," ó ní.

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú koríko. Ó fi bàtà ha ìdọ̀tí ara òkúta, ó ka nọ́ńbà rẹ̀, ó wo ọ̀nà tí a gbà bọ̀, ó wo iwájú. "Bí àwọn tó rì í bá sún un mọ́ra kí iṣẹ́ lè tètè parí ńkọ́?" Mo bojú wẹ̀yìn kó má rí ẹ̀rín mi. Obìnrin yìí ti fura sí èèyàn tán, ó kan òkúta.

A dé ọgọ́rùn-ún òkúta. Mítà ní méjìlélọ́gọ́ta. Ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó fi ìka méjì fa fọ́tò náà tóbi, ó tún fà á tóbi sí i. Ó wá na ìka sí gíláàsì dáṣíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, lábẹ́ nọ́ńbà, níbi tí lẹ́tà wínníwínní kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fìgbà kan kà.

"Máìlì," ó ní. "Máìlì ló ń kà."

Máìlì kan ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ, ọmọdé tó bá lọ síléèwé mọ̀ ọ́n. Dáṣíbọ́ọ̀dù tí mẹkáníìkì rà, láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi máìlì díwọ̀n ọ̀nà ló ti wá. Ẹ̀rí-dà bẹ̀rẹ̀ sí í yí fọ́tò fóònù rẹ̀ padà sẹ́yìn, ọjọ́ kan, ọjọ́ kan, oṣù márùn-ún. Lẹ́tà náà wà nínú gbogbo wọn. Fúnra rẹ̀ ló yà á, fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ jáde, fúnra rẹ̀ ló to ó sójú Rọra. Nọ́ńbà nìkan ló ń wò.

"Èmi gan-an ni mo purọ́ fún ìjọba," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Èmi ni mo fi ọ̀nà pamọ́." Ó pa fóònù. "Owó òrùlé yẹn. Ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ lóòótọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀: ọmọ, owó, páànù, ọkọ̀ tí mo fi gbé e. Mo rò pé á bú mi. Ojú tó fi wò mí kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣọ́ olè mọ́. Bóyá ó mọ̀ pé ojú ti àwa méjèèjì. "Wakọ̀," ó ní.

Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì owó-orí lọ́jọ́ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà ní kàńtà, ó ní gíláàsì lójú. Ó ka lẹ́tà tuntun, ó fa lẹ́tà àtijọ́ yọ, ó gbé wọn sókè sí iná lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mà, ẹ kọ́kọ́ ní awakọ̀ yín ló ń ta epo. Ní báyìí, ẹ tún ní mítà ni. Èwo ni ká gbàgbọ́?" Ẹ̀rí-dà dúró bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Ó mú rìsíìtì mẹkáníìkì jáde, ó mú fọ́tò jáde, ó mú nọ́ńbà òkúta jáde. Ọkùnrin náà bi í ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọ̀nà mẹ́ta, bóyá á gbàgbé irọ́ rẹ̀ láàárín. Nígbẹ̀yìn, ó fún un ní fọ́ọ̀mù àtúnṣe. A san ohun tó kù, a san ìtanràn, wọn ò gba ìwé àṣẹ wa. Nígbà tí a jáde, ó ní kí n gbé òun lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ awakọ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ fi bíírò fagi lé orúkọ Rọra lára bébà. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ṣì lè kà á.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwa mẹ́ta lọ sílé rẹ̀, Ọ̀gá, Ẹ̀rí-dà àti èmi. Rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì lójúde, ó ti rù sí i. Ọ̀gá àti èmi dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rí-dà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ mítà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fi èyí tó dójú ti òun pamọ́. "Bàbá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ dárí jì mí."

"Ẹ dìde, Àǹtí. Rédíò, dìde." Ó fi aṣọ ìnujú nu bẹ́ǹṣì fún àwa mẹ́ta. "Èmi mọ̀ pé n kò jalè, nítorí náà kò ṣòro fún mi láti dárí jì yín. Ẹni tó wà nínú ilé ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tó ti ọ̀dọ̀ yín dé, kò bá mi sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa. Mo bá a jiyàn, ó ní ìwé wà lọ́wọ́ òun."

Wọ́n pè é. Ó jáde, ó ti wọ aṣọ ìrìnnà, àpótí kan wà ní àtẹ̀gùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí Ọ̀gá, ó kí gbogbo wa, ó jókòó. Ẹ̀rí-dà tún kúnlẹ̀, ó yọ ìwé tó ti kọ láti ọ́fíìsì, tó lu òǹtẹ̀ sí, ó kà á sókè: pé Rọra kò ta epo rí, pé àṣìṣe òun ni, pé kò sí owó kankan tí bàbá gbà tí kò kó wálé. Nígbà tó dé ibi owó yẹn, ó tún un kà.

Ìyàwó Rọra gba ìwé náà. Ó tọwọ́ bọ àyà, ó yọ èyí tí Ẹ̀rí-dà kọ ọjọ́ sí, ó tẹ́ méjèèjì sórí itan rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìkọ̀wé méjèèjì.

"Ọwọ́ kan náà ni," ó ní. "Òǹtẹ̀ kan náà." Ó gbójú sókè, kò sì sí ìbínú kankan lójú rẹ̀. "Àǹtí, èló ni ọkọ mi fún yín kí ẹ tó wá kọ èyí?"

Obìnrin náà ká ìwé àkọ́kọ́, ti àwọn ọjọ́, ó dá a padà sáyà, ó gbé èkejì lé ọwọ́ Ẹ̀rí-dà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọ bàtà rẹ̀.